Bí Ẹ Ṣe Lè Bá Ilé-iṣẹ́ Linux Da Òwò Pọ̀ Láti Ta Àdìpọ̀ Sọ́fítíwíà Open Source

Ìbéèrè kan náà ni àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà, tí wọ́n sì ń tún un ṣe, ní Òkè-Ìlewó àti Pánṣẹ́kẹ́ máa ń bi mí: "Sọ́fítíwíà tí ẹnikẹ́ni lè wà jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsan kọ́bọ̀, ṣé òfin gbà kí n dì í, kí n sì tà á? Bó bá gbà á, báwo ni mo ṣe máa bá àwọn tó ń ṣe Linux wọ àdéhùn, kí orúkọ wọn lè tì mí lẹ́yìn níwájú oníbàárà?" Linux ni ètò ìpìlẹ̀ tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, bíi Windows, ṣùgbọ́n open source ni, ìyẹn ni pé kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba. Ìdáhùn sí ìbéèrè àkọ́kọ́ kò gùn: òfin gbà á. Èkejì ló gba àlàyé, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń fi owó ṣòfò, tí àwọn mìíràn sì ti ń fọwọ́ ara wọn fa ẹjọ́.

Gẹ̀ẹ́sì wà lára ohun tó da ọ̀rọ̀ yìí rú, nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò fún òmìnira àti ọ̀fẹ́. Yorùbá ti yà wọ́n sọ́tọ̀ fún wa. Òmìnira ni láísẹ́ǹsì open source fún ẹni tó gba sọ́fítíwíà: òmìnira láti lò ó, láti wo inú kóòdù rẹ̀, láti tún un ṣe, àti láti fún ẹlòmíràn. Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ kò gbọ́dọ̀ gba owó.

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ máa yà sọ́tọ̀ bí ẹ ti ń kà á lọ: kóòdù, orúkọ àti ìtọ́jú. Láísẹ́ǹsì ló ń darí kóòdù. Ilé-iṣẹ́ tó ni orúkọ ló ń darí orúkọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Abẹ́òkúta, tí oníbàárà lè wá kan ilẹ̀kùn yín, lẹ ni ìtọ́jú. Àjọṣepọ̀ pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ Linux kì í fún yín ní kóòdù, nítorí ó ti wà lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀. Orúkọ wọn ló ń fún yín láyè láti lò, àti ẹ̀yìn tí ẹ lè sá sí nígbà tí iṣẹ́ bá kọjá agbára yín.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ yan oníbàárà kí ẹ tó yan sọ́fítíwíà

Ọ̀pọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ láti ìdí sọ́fítíwíà tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn, lẹ́yìn náà ni yóò wá máa wá ẹni tí yóò tà á fún. Ẹ yí i padà. Ẹ mú irú oníbàárà kan ṣoṣo, ì báà jẹ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Òkè-Mósàn, ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni láti Àsẹ́rò dé Ọbáńtokò, àwọn oníṣòwò àdìrẹ ní Ìtòkú, tàbí ilé ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ẹ jókòó tì wọ́n fún ọjọ́ méjì, kí ẹ wo ìwé tí wọ́n ń kọ nǹkan sí, kí ẹ tó sọ pé ẹ mọ ohun tí wọ́n nílò.

Àwọn sọ́fítíwíà tó sábà máa ń bá wọn mu nìwọ̀nyí (orúkọ láísẹ́ǹsì ni GPL, LGPL àti MPL, Ìgbésẹ̀ 2 ló ṣàlàyé wọn):

- Fún ìṣirò owó àti ọjà: ERPNext, tó wà lábẹ́ GPL ẹ̀dà 3, tàbí Odoo Community, tó wà lábẹ́ LGPL ẹ̀dà 3.
- Fún ilé ìkàwé: Koha, tó wà lábẹ́ GPL ẹ̀dà 3.
- Fún ẹ̀kọ́ orí kọ̀ǹpútà: Moodle, tí òun náà wà lábẹ́ GPL ẹ̀dà 3, ṣùgbọ́n ẹ kà nípa orúkọ rẹ̀ ní Ìgbésẹ̀ 3 kí ẹ tó dá owó lé e.
- Fún iṣẹ́ ọ́fíìsì: LibreOffice, tó wà lábẹ́ MPL 2.0.

Ìkìlọ̀ kan: ẹ̀dà méjì ni Odoo ní. Community ni open source. Enterprise kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Mo ti rí ẹni tó gba Enterprise lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, tó dì í sínú fláàṣì, tó sì ń tà á kiri bí ẹni pé ìkan náà ni wọ́n. Jíjí ọjà olọ́jà ni ìyẹn.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ka láísẹ́ǹsì fúnra yín

Ẹ má gba àhesọ gbọ́ lórí èyí. Ìwé Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti ọdún 2022 ní Nàìjíríà ka sọ́fítíwíà mọ́ ohun tí òfin ń dáàbò bò, nítorí náà láísẹ́ǹsì nìkan ni àṣẹ tí ẹ ní lọ́wọ́. Bí ẹ bá rú u, àṣẹ náà bọ́.

1. Ẹ ṣí fáìlì tí wọ́n ń pè ní LICENSE tàbí COPYING nínú kóòdù orísun, ìyẹn kóòdù bí àwọn tó ṣe sọ́fítíwíà náà ṣe kọ ọ́. Bí sọ́fítíwíà náà bá ti wà lórí Debian tàbí Ubuntu yín (oríṣi Linux méjì), ẹ wo /usr/share/doc, kí ẹ wá orúkọ àdìpọ̀ náà, kí ẹ sì ka fáìlì copyright tó wà nínú rẹ̀.

2. Ẹ pín gbogbo ohun tó wà nínú àdìpọ̀ yín sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan rọ̀, bíi MIT, BSD àti Apache 2.0: ẹ fi àkọsílẹ̀ ẹ̀tọ́ àdàkọ wọn sílẹ̀ bí ẹ ti bá a, ó parí. Àwọn kan wà láàárín, bíi LGPL àti MPL 2.0: kóòdù tiwọn tí ẹ bá tún ṣe gbọ́dọ̀ wà ní gbangba, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè jẹ́ tiyín. Àwọn yòókù le, bíi GPL àti AGPL: ohun tí wọ́n ń béèrè wà ní nọ́ńbà 3 dé 5.

3. Fún ohun tó wà lábẹ́ GPL, ẹ pèsè kóòdù orísun. GPL ẹ̀dà 2, tí wọ́n gbé jáde ní 1991, fún yín ní ọ̀nà méjì pàtàkì: kí ẹ fi kóòdù orísun sínú fláàṣì kan náà, tàbí kí ẹ fi ìwé ìlérí kan ti ọjà náà, tí yóò wúlò fún ọdún 3 ó kéré tán, pé ẹnikẹ́ni tó bá béèrè yóò rí kóòdù náà gbà, tí ẹ kò sì ní gbà ju owó tí ó ná yín láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lọ. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ náà "ẹnikẹ́ni". Kì í ṣe oníbàárà yín nìkan.

4. Ẹ rántí pé kóòdù orísun kì í ṣe ti olórí ètò náà nìkan. Àwọn fáìlì àṣẹ tí ẹ fi kọ́ ọ, tí ẹ sì fi ń gbé e sórí kọ̀ǹpútà, wà lára rẹ̀ pẹ̀lú.

5. Bí ẹ bá ń lo ohun tó wà lábẹ́ AGPL, bíi Nextcloud (ètò ìpamọ́ fáìlì), tí ẹ tún un ṣe, tí ẹ wá gbé e sórí server tí àwọn oníbàárà ń bá ṣiṣẹ́ láti òkèèrè, àwọn tó ń lò ó láti òkèèrè ní ẹ̀tọ́ sí kóòdù tí ẹ tún ṣe, bí ẹ kò tilẹ̀ fi fláàṣì kankan lé wọn lọ́wọ́.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi kóòdù orísun sínú fláàṣì náà lọ́jọ́ títà gan-an, kí ẹ sì bọ́ nínú gbèsè ọdún 3. Fláàṣì tó gba díẹ̀ sí i kò wọ́n. Ẹ má sì ṣe bí ẹni pé inúure ni ẹ ṣe: kóòdù orísun kì í ṣe èènì tí olójà ń bù lé gàrí. Òun fúnra rẹ̀ wà nínú òṣùwọ̀n.

Àṣìṣe tí èmi náà ṣe. Nínú ìwé àdéhùn àkọ́kọ́ tí mo fún oníbàárà kan, mo kọ ọ́ pé kò gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀dà sọ́fítíwíà náà fún ẹnikẹ́ni. Ilé-ẹ̀kọ́ kan ni wọ́n. Akọ̀wé wọn, ọmọbìnrin kan tí mo rò pé títẹ lẹ́tà nìkan ló mọ̀, ṣí fáìlì COPYING níwájú mi, ó fi ìka tẹ̀ lé ìlà tó sọ pé ẹ kò gbọ́dọ̀ fi ìdíwọ́ mìíràn kún un, ó ní: "Ẹ má bínú, sà. Ìwé tiyín àti ìwé tiwọn kò bára mu o." Mo ya ojú ìwé náà níbẹ̀. GPL kò gbà yín láyè láti dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti ṣe ẹ̀dà. Ohun tí ẹ lè fi òdiwọ̀n sí ni ìtọ́jú: iye kọ̀ǹpútà tí ẹ óò máa tọ́jú, iye ìgbà tí ẹ óò wá, àti àkókò tí ẹ óò gbé fóònù. Ẹni tó bá ṣe ẹ̀dà fún àna rẹ̀ ní Ṣàgámù kò rú òfin. Ṣùgbọ́n àna náà kò ní ẹ̀tọ́ láti pè yín ní aago mọ́kànlá òru.

Bí ẹ bá ti ṣi ẹsẹ̀ gbé, GPL ẹ̀dà 3 ṣàánú ju ẹ̀dà 2 lọ: bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹni tó ni kóòdù máa kìlọ̀ fún yín, tí ẹ sì ṣàtúnṣe láàárín ọjọ́ 30 tí ìkìlọ̀ dé ọwọ́ yín, àṣẹ yín padà bọ̀ sípò. Lábẹ́ ẹ̀dà 2, ṣe ni àṣẹ náà bọ́ lójú ẹsẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ya orúkọ sọ́tọ̀ kúrò lára kóòdù

Ibí ni àjọṣepọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúlò. Láísẹ́ǹsì tó fún yín ní kóòdù kì í sábà fún yín ní orúkọ.

- Orúkọ náà "Linux" jẹ́ àmì òwò tí Linus Torvalds ni. Linux Foundation ló ń bójú tó o. Bí ẹ bá fẹ́ fi "Linux" sínú orúkọ ọjà yín, ẹ lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn.
- Canonical, tó ni Ubuntu, gbà pé kí ẹ pín Ubuntu bí ó ti wà. Bí ẹ bá ti yí i padà, tí ẹ ṣì fẹ́ pè é ní Ubuntu, ẹ gba àṣẹ wọn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ yọ orúkọ àti àmì wọn kúrò, kí ẹ sì tún kóòdù náà kọ́ láti orísun.
- Red Hat, ilé-iṣẹ́ Linux ní Amẹ́ríkà, náà kò fi orúkọ rẹ̀ ṣeré. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń tún kóòdù rẹ̀ kọ́, bíi AlmaLinux àti Rocky Linux, fi ní orúkọ tiwọn.
- Ẹnikẹ́ni ló lè lo kóòdù Moodle, ṣùgbọ́n àwọn alájọṣepọ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí ni wọ́n gbà láyè láti fi orúkọ náà polówó iṣẹ́ ìgbékalẹ̀ àti ìtọ́jú. Bí ẹ bá fẹ́ lẹ pátákó ńlá kan mọ́ ojú ọ̀nà Àdàtán pé "Ibi Tí Wọ́n Ti Ń Ṣe Moodle Rèé", ẹ kọ̀wé sí wọn ná.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Debian, tí kì í ṣe ọmọdé nínú iṣẹ́ yìí, yí orúkọ Firefox, ètò tí wọ́n fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, padà sí Iceweasel ní 2006 nítorí ọ̀rọ̀ àmì òwò pẹ̀lú Mozilla tó ni ín, ó sì di 2016 kí wọ́n tó padà sí Firefox.

Ọ̀nà tó rọrùn jù lọ ni kí ẹ fún ọjà yín ní orúkọ tiyín, kí ẹ wá kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà kékeré pé ó ń ṣiṣẹ́ lórí Ubuntu tàbí lórí Debian. Òótọ́ ni ẹ sọ, ẹ kò sì gbé orúkọ ẹlòmíràn wọ̀. Ẹ fi Ubuntu tí ẹ kò fọwọ́ kàn sí apá kan fláàṣì, kí ẹ fi àdìpọ̀ tiyín sí apá kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ forúkọ tiyín sílẹ̀ ní ọ́fíìsì àmì òwò ní Àbújá: ipele 9 ni fún sọ́fítíwíà, ipele 42 ni fún iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ọdún 7 ni ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́. Bí ẹ bá sọ ọ́ dọ̀tun, ọdún 14 mìíràn ni yóò fún yín.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ dì í, kí ẹ sì dán an wò níbi tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì

Ilé-iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ bá dòwò pọ̀ yóò fẹ́ rí ohun tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ má kọ lẹ́tà kí ẹ tó ní in.

Irú fáìlì tí ẹ óò dì sọ́fítíwíà sí wà lọ́wọ́ Linux tí oníbàárà ń lò. Bó bá jẹ́ Debian tàbí Ubuntu, .deb ni ẹ óò dì. Bó bá jẹ́ Red Hat tàbí SUSE, .rpm ni. Flatpak, Snap àti AppImage, tí wọ́n jẹ́ ọ̀nà ìdì mìíràn, lè ṣiṣẹ́ lórí oríṣiríṣi Linux, wọ́n sì dára fún sọ́fítíwíà tí èèyàn ń ṣí lójú kọ̀ǹpútà. N kò gbà yín nímọ̀ràn láti lò wọ́n fún ohun tó ní database (ibi tí ètò ń kó àkọsílẹ̀ jọ sí) nínú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ ìdánwò. Màmá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú ra ètò ìṣirò ọjà lọ́wọ́ mi. A gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká lé orí ìdì aṣọ ẹlẹ́kọ, iná ọba ti lọ, jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù kejì ń pariwo, mo ki fláàṣì bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó mọṣẹ́. Àdìpọ̀ mi bẹ̀rẹ̀, ó dé ìdajì, ó ní òun fẹ́ lọ mú àwọn àdìpọ̀ mẹ́tàdínlógún mìíràn wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Dátà fóònù mi tán lórí ìkẹfà. Màmá náà wò mí títí, ó ní: "Ọmọ mi, ṣé o ti dán an wò nílé, àbí ìdí ọjà mi lo ti fẹ́ kọ́ṣẹ́?" Mo ti dán an wò nílé lóòótọ́, orí kọ̀ǹpútà tèmi ni mo ti dán an wò, gbogbo ohun tó ń béèrè sì ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Láti ìgbà náà, báyìí ni mo ṣe ń ṣe é:

1. Ẹ gbé Linux sórí kọ̀ǹpútà kan ní tuntun, ẹ̀dà kan náà tí oníbàárà ní, láìfi nǹkan mìíràn kún un.
2. Ẹ pàṣẹ fún apt, ètò tó ń gbé àdìpọ̀ kalẹ̀ lórí Debian àti Ubuntu, pẹ̀lú --download-only, kí ó kó àdìpọ̀ yín àti gbogbo ohun tó gbára lé wá láìgbé wọn kalẹ̀. Inú /var/cache/apt/archives ni ẹ óò ti bá wọn.
3. Ẹ kó gbogbo wọn sínú fódà kan lórí fláàṣì, kí ẹ fi sha256sum (ètò tó ń fi hàn bí ẹnikẹ́ni bá ti yí fáìlì padà) ṣe àkọsílẹ̀ wọn, kí ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ GPG yín (ìbuwọ́lùwé orí kọ̀ǹpútà) fọwọ́ sí àkọsílẹ̀ náà.
4. Ẹ yọ wáyà íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ pa Wi-Fi, kí ẹ wá gbé e kalẹ̀ láti inú fódà náà sórí kọ̀ǹpútà tuntun kejì.
5. Ẹ pa iná kọ̀ǹpútà náà lójijì nígbà tó ń ṣiṣẹ́, kí ẹ tún un tàn, kí ẹ wò ó bóyá àkọsílẹ̀ ọjà ṣì pé. Ní ìlú tiwa, ìdánwò yìí ṣe pàtàkì ju gbogbo èyí tó kù lọ.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ yan ilé-iṣẹ́, kí ẹ sì kọ̀wé sí wọn

Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ni orúkọ wọn máa ń wá: Red Hat ti Amẹ́ríkà, tí IBM rà ní 2019 ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 34 dọ́là, SUSE, tó bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì ní 1992, àti Canonical, tí Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, dá sílẹ̀ ní 2004. Debian kì í ṣe ilé-iṣẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ni, nítorí náà kò sí ẹni tí ẹ óò bá tọwọ́ bọ̀wé níbẹ̀.

Irú àjọṣepọ̀ mẹ́ta ni ẹ sábà máa rí. Alágbàtà ń ta ìtọ́jú ilé-iṣẹ́ náà, ó sì ń gba láàdá. Olùṣe sọ́fítíwíà ń mú ọjà tirẹ̀ wá kí wọ́n dán an wò, kí wọ́n sì jẹ́rìí sí i pé ó bá Linux wọn mu. Ẹni tó ń ta kọ̀ǹpútà ń gbé Linux wọn sórí ẹ̀rọ kí ó tó tà á. Ẹ̀yin tí ẹ ń dì sọ́fítíwíà, irú kejì ni tiyín; bí ẹ bá sì ń ta kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, torí pé àdéhùn ọ̀tọ̀ ni ìyẹn.

Ohun tí mo máa ń wò jù ni iye ọdún. Ọdún méjì-méjì, ní oṣù Kẹrin, ni Ubuntu LTS (ẹ̀dà tí wọ́n ń tọ́jú fún ìgbà pípẹ́) ń jáde, ọdún 5 sì ni àtúnṣe ààbò rẹ̀ tí ẹ kò san owó fún. Ọdún 10 ni Red Hat Enterprise Linux. Ẹ má ṣèlérí fún oníbàárà pé ẹ óò tọ́jú ọjà yín fún ọdún 6 lórí ìpìlẹ̀ tí ẹni tó ṣe é yóò fi sílẹ̀ ní ọdún 5.

Lẹ́tà yín kò gbọ́dọ̀ ju ojú ìwé kan lọ. Kí ó ní:

- orúkọ ilé-iṣẹ́ yín àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ ní CAC;
- sọ́fítíwíà tí ẹ dì, láísẹ́ǹsì rẹ̀, àti ẹ̀dà Linux tí ẹ ti dán an wò lórí rẹ̀;
- irú oníbàárà tí ẹ ní àti iye wọn gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ mẹ́rin péré;
- ohun kan pàtó tí ẹ ń béèrè fún.

Ẹ má kọ ọ́ pé ẹ fẹ́ "ṣe aṣojú yín ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà". Apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí ni irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ máa ń bọ́ sí.

## Ìgbésẹ̀ 6: Ìwé àdéhùn

Ẹ gba agbẹjọ́rò. N kò ní fi èyí ṣàwàdà. Àmọ́ kí ẹ tó dé ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ìbarà tàbí Kútọ̀, ẹ fi pẹ́ńsù pupa sàmì sí àwọn ibi wọ̀nyí.

Agbègbè àti ẹnìkan ṣoṣo. Bí wọ́n bá sọ pé ẹ kò gbọ́dọ̀ ta Linux ilé-iṣẹ́ mìíràn, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi san án padà. Bí wọn kò bá jẹ́ kí ẹ jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, kí ló dé tí ẹ̀yin yóò fi jẹ́ tiwọn nìkan?

Ta ló ń gbé fóònù. Oníbàárà yóò kọ́kọ́ pè yín. Kí ìwé náà sọ kedere irú ìṣòro tí ẹ lè gbé lọ sọ́dọ̀ wọn, ọ̀nà tí ẹ óò gbà gbé e lọ, àti wákàtí tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi dáhùn. Ọ̀rọ̀ bíi "ní kíákíá" kò tó. Nọ́ńbà ni kí ó wà níbẹ̀. Alájọṣepọ̀ kan tí mo bá ṣiṣẹ́ rí, tí n kò ní dárúkọ, fi ọjọ́ mọ́kànlá dá mi lóhùn lórí server tó ti kú, ìwé àdéhùn wa kò sì ní nọ́ńbà tí mo lè fi bá a jà.

Iṣẹ́ ọwọ́ yín. Kóòdù tí ẹ kọ kún un, ta ló ni ín? Àwọn ìwé kan máa ń gbé e fún wọn láìpariwo.

Owó. Dọ́là ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà, náírà sì ni oníbàárà yín ní Lafẹ́nwá ń san. Ẹ béèrè pé kí wọ́n di iye dọ́là náà mú fún oṣù méjìlá, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹ fún oníbàárà pé iye náírà lè yí padà nígbà tí ọdún bá yí po.

Ìforúkọsílẹ̀ ní NOTAP, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àdéhùn ìmọ̀ ẹ̀rọ. Èyí ni àwọn èèyàn sábà máa ń gbàgbé. Àdéhùn tí ẹ bá ṣe pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè lórí lílo àmì òwò tàbí ìmọ̀ ẹ̀rọ wọn gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé NOTAP láàárín ọjọ́ 60 lẹ́yìn ìbuwọ́lùwé. Bí kò bá sí ìwé ẹ̀rí wọn, báńkì kò ní lè fi owó ránṣẹ́ sí òkèèrè fún yín lábẹ́ àdéhùn náà. Ẹ kọ ọjọ́ tí ọgọ́ta ọjọ́ náà yóò pé sára kàlẹ́ńdà lọ́jọ́ tí ẹ tọwọ́ bọ̀wé.

Àkọsílẹ̀ àwọn èèyàn. Bí ètò yín bá ń tọ́jú orúkọ, nọ́ńbà fóònù tàbí gbèsè ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà, ọdún 2023, kàn yín. Kí àdéhùn sọ bóyá alájọṣepọ̀ yín lè rí àkọsílẹ̀ náà nígbà tó bá ń ràn yín lọ́wọ́.

Ìparí àdéhùn. Ẹ béèrè fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán, láti fi ta èyí tó kù nílẹ̀ àti láti yọ orúkọ wọn kúrò lára ọjà.

## Ìgbésẹ̀ 7: Iye owó

Ẹ má ta kóòdù. Ẹ pín owó náà sí mẹ́rin lórí ìwé owó tí ẹ fún oníbàárà: fláàṣì àti ìwé ìtọ́ni, ìgbékalẹ̀, ìdánilẹ́kọ̀ọ́, àti ìtọ́jú ọdọọdún. Ẹ jẹ́ kí mẹ́ta àkọ́kọ́ kéré, nítorí ìkẹrin ni yóò máa bọ́ yín. Bí Red Hat ti ṣe é nìyẹn: kóòdù wọn wà lábẹ́ láísẹ́ǹsì open source, owó ọdọọdún tí oníbàárà ń san sì wà fún àtúnṣe tí wọ́n ti dán wò àti fún ẹni tí yóò dáhùn bí nǹkan bá bàjẹ́.

Ẹ ṣírò owó mọ́tò yín. Ẹni tó ń tọ́jú oníbàárà kan ní Àlàbàtà àti òmíràn ní Ìtòkú mọ̀ pé epo lè jẹ gbogbo èrè. Ẹ fi owó orí ọjà 7.5% hàn lọ́tọ̀ bí òfin bá ní kí ẹ gbà á. Kí oníṣirò owó yín sì sọ fún yín, kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé, ẹni tí yóò ru owó orí tí wọ́n ń yọ lára owó tó ń lọ sí òkèèrè, ẹ̀yin tàbí àwọn.

## Bí wọ́n bá kọ̀ yín

Ó wọ́pọ̀. Kò yẹ kí ó dá òwò dúró, nítorí orúkọ nìkan ni wọ́n kọ̀ láti fún yín.

- Ẹ lo Debian, kí ẹ ta ọjà náà lábẹ́ orúkọ tiyín, kí ẹ sì gbé gbogbo ìtọ́jú lé èjìká ara yín.
- Ẹ wá alágbàtà tó ti ní àdéhùn pẹ̀lú wọn ní Èkó, kí ẹ ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Láàdá yín yóò kéré, ṣùgbọ́n ẹ óò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.
- Ẹ lọ bá àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà náà gan-an. Àwọn tó ń ṣe ERPNext àti Odoo ní ètò àjọṣepọ̀ tiwọn, ó sì lè wúlò fún oníbàárà yín ju ti ẹni tó ṣe Linux lọ.

## Kí ẹ tó fi fláàṣì àkọ́kọ́ lé oníbàárà lọ́wọ́

- Kóòdù orísun wà nínú rẹ̀, ẹ̀dà rẹ̀ sì bá èyí tí ẹ dì mu.
- Fáìlì láísẹ́ǹsì kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò yọ ọ́.
- Orúkọ tó wà lára páálí jẹ́ tiyín, tàbí ti ẹni tó fún yín ní ìwé àṣẹ.
- Ẹ ti gbé e kalẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tuntun láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.
- Ìwé ìtọ́jú sọ iye kọ̀ǹpútà, iye ọdún àti aago tí ẹ ń gbé fóònù.
- Ọjọ́ tí kọ́kọ́rọ́ GPG yín yóò kú wà lára kàlẹ́ńdà. Bó bá kú láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, gbogbo oníbàárà tó ń gba àtúnṣe láti orí server yín yóò rí EXPKEYSIG (pé kọ́kọ́rọ́ náà ti kú) lójú kọ̀ǹpútà wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan náà, gbogbo wọn ni yóò sì pè yín.

Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, kí ẹ máa kọ orúkọ oníbàárà, ọjọ́ tí ẹ tà á, àti ẹ̀dà sọ́fítíwíà tó wà nínú fláàṣì tirẹ̀. Fún àwọn tí ẹ fún ní ìwé ìlérí dípò kóòdù orísun, ọjọ́ tí ẹ ta ọjà kọ̀ọ̀kan ni ọdún 3 rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kóòdù ẹ̀dà yẹn gan-an sì ni ẹ gbọ́dọ̀ lè mú jáde nígbà tí ẹnikẹ́ni bá wá béèrè rẹ̀, kì í ṣe ti ẹ̀dà tó dé lẹ́yìn rẹ̀.